Ìwúre fún Ọdẹ Ọlọ́fà

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ! Ẹ dìde, ẹ bọ́ fìlà. Ẹni tó bá jẹ́ onígbàgbọ́, kó máa ní Àmín. Ẹni tó bá jẹ́ mùsùlùmí, kó máa ní Àmí. Èmi tí mo dàgbà sídìí irin, Àṣẹ ni tèmi. Gbogbo rẹ̀, ibì kan náà ló ń lọ.

Ìbà Olódùmarè, ọba tó dá igi sínú igbó, tó fi irin àti èédú pamọ́ sínú ilẹ̀. Ìbà ilẹ̀ afọkọ́yẹrí. Ìbà Ògún, onírin. Ìbà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ Kétu, tó ni ọrun, tó ni ọfà, tí wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú lọ sókè òkun tí ọrun kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Bahia ní Brazil títí dòní, ọrun àti ọfà tí a jó pọ̀ mọ́ra ni àmì rẹ̀. Mãe Stella de Oxóssi, ìyá tó darí ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá ní Salvador, ọmọ ọdẹ yìí ni wọ́n ń pè é títí tó fi re ibi àgbà ń rè ní 2018. Ní Kúbà, ọrun irin kékeré ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, inú ìkòkò Ògún ló sì ń gbé. Bàbá ọdẹ, àwọn ọmọ rẹ ló tún dé yìí, ní Amẹ́ríkà, ní Georgia. Má sùn.

Mo júbà onílẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ní oṣù September yìí, nígbà tí wọ́n bá ṣí àsìkò ọlọ́fà, kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní baba. Àwọn Muscogee àti àwọn Cherokee ló ti ń dọdẹ níbẹ̀. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hù létí odò ni àwọn Cherokee fi ń ṣe ọ̀pá ọfà wọn, kí ìjọba tó fipá lé wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní 1838. Ẹ má wọ igbó wọn bí ẹni wọ ọjà. Ẹ kí wọn.

Ìbà Ishi, ẹni tó kù kẹ́yìn nínú àwọn Yahi ní California, tó jáde láti inú igbó ní 1911, tí ebi ti hàn lára rẹ̀, tó sì fi ọ̀yàyà kọ́ dókítà Saxton Pope bí a ti ń gbẹ́ ọrun, bí a ti ń ṣe ọfà, bí a ti ń yọ́ tọ ẹran. Ishi kú ní 1916. Ní 1923 Pope tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọdẹ ọfà jáde, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló sì tipa ìwé yẹn gbé ọrun. Nígbà tó fi máa di 1934, Wisconsin ti ya àsìkò sọ́tọ̀ tí ọlọ́fà nìkan lè pa àgbọ̀nrín. Ẹni tó fi iṣẹ́ kọ́ni tí kò ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má parẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń jẹ èrè iṣẹ́ náà. Àṣẹ.

Ìbà ọwọ́ tó ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Doug Easton bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe ọfà ní California ní 1922. Igi ò dọ́gba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀, òjò pa á, ó wọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó tún wọ́ sí apá kejì. Ní 1939 ó yà sídìí alumíníọ̀mù, kí ọfà méjìlá lè rí bí ọmọ ìyá kan. Holless Wilbur Allen, ará Missouri, òun ló so kẹ̀kẹ́ mọ́ etí ọrun, tí ìjọba fi ìwé àṣẹ ìṣẹ̀dá rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní 1969. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ yìí ló wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú yín. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí Ishi fà lọ, ohun tó sì lágbára kì í fẹ́ kí a fi ohun tí kò le bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọfà. Ẹ ti gba láísẹ́ǹsì. Ẹ ti jókòó ní kíláàsì ọdẹ, ẹ ti ra ọrun, wọ́n ti bá yín wọn apá. Ẹ wá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ tó wà nídìí kàǹtà ní kábọ̀ọ̀nù ni gbogbo ayé ń lò, pé alumíníọ̀mù ti di ti àwọn baba ńlá. Bàbá arúgbó kan tó wá ra ìyẹ́ ọfà yíjú padà, ó ní alumíníọ̀mù lòun fi pa gbogbo ẹran tó gba ilé òun kọjá. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Kí Olódùmarè fún yín ní etí tí yóò gbọ́ tẹnu méjèèjì, kó sì fún yín ní orí tí yóò yan èyí tó bá ọrun yín mu, kì í ṣe èyí tó bá ojú ọ̀rẹ́ yín mu. Àṣẹ.

Mo wúre lórí ọfà alumíníọ̀mù. Ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2117, méjì àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ti sanra tó: ẹ pín ínǹṣì kan sọ́nà 64, ẹ mú 21 níbẹ̀, ìbú ọ̀pá náà nìyẹn. Méjì tó kẹ́yìn ń sọ bí ara páìpù rẹ̀ ti nípọn tó: 17 nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Ọfà tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́! Kí Elédùmarè fi ènìyàn tó rí bẹ́ẹ̀ yí yín ká níbi iṣẹ́ àti nílé, ẹni tí ẹ ó wojú rẹ̀ kí ẹ mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Ó wúwo. Ínǹṣì kan 2117 ń wọn nǹkan bíi gíréènì 12, bẹ́ẹ̀ gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ẹ gé e sí ínǹṣì 28, ẹ fi irin sí i lẹ́nu, ẹ lẹ ìyẹ́ mọ́ ọn nídìí, ó ti ń sún mọ́ 500. Ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í yára, ó sì máa ń tètè sọ̀ bí ọ̀nà bá jìn. Ṣùgbọ́n ọrun kì í pariwo púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀, bó bá sì kan ara ẹran, ó ń wọlé ni, kì í béèrè ọ̀nà. Kí ọ̀rọ̀ yín wúwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín, kó pẹ́ kí ó tó jáde, kó má sì jáde lásán.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń wọ́. Ó gbá òkúta, ó wọ́. Ó ṣe kòńgẹ́ eegun èjìká, ó wọ́. Ẹran ṣubú lé e, ó wọ́. Àmọ́ ẹ ó rí i. Ẹ yí i lórí tábìlì tó tẹ́jú, yóò máa jó. Ẹ fi èékánná yí i lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó gbọ́ bí ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Irinṣẹ́ wà tí a fi ń tọ́ ọ, bó bá sì jẹ́ díẹ̀ ló wọ́, ó ń padà sípò. Olódùmarè, àṣìṣe tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá máa ṣe, jẹ́ kó jẹ́ èyí tójú rí. Jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ṣeé tọ́. Èyí tó bá ti ká kọjá títọ́, fún wọn lọ́kàn láti sọ ọ́ nù láìwẹ̀yìn. Àṣẹ.

Mo wúre lórí ọfà kábọ̀ọ̀nù. Àwọn kan nínú yín ti bi mí rí bóyá Ògún mọ̀ ọ́n, nítorí kì í ṣe irin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe bí wọ́n ti ń ṣe òwú aṣọ kan. Wọ́n á wá sun ún nínú iná tó ju ẹgbẹ̀rún dígíríì lọ, níbi tí ọ́síjìn kò sí tí ì bá fi di eérú, títí gbogbo ohun mìíràn fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jó kúrò lára rẹ̀ tán, tí yóò ku èédú. Wọ́n á fi oje lẹ àwọn fọ́nrán yẹn mọ́ra, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀pá oníhò. Ohun tó bá gba irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá, èmi ò rí bí Ògún ṣe máa sẹ́ ẹ. Irin ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ náà.

Nọ́ńbà tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á gbé ọ̀pá náà sórí ìdúró méjì tó fi ínǹṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á fi ẹrù tó wọn 1.94 pọ́n-ùn kọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á wo bó ti tẹ̀ tó. Èyí tó tẹ̀ ní ààbọ̀ ínǹṣì ni wọ́n ń kọ 500 sí; èyí tí kò tẹ̀ ju 0.3 ínǹṣì lọ ni 300. Nítorí náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló le jù. Kí nọ́ńbà ńlá má tàn yín. Ọrun tó le, ọ̀pá tó gùn, irin tó wúwo lẹ́nu, gbogbo wọn ló ń béèrè ọ̀pá tó le; èyí tó bá rọ̀ jù yóò máa rú bí ejò lójú ọ̀nà, yóò sì tàsé. Bí ọrun yín bá ń fa 60 pọ́n-ùn, ọfà yín, tòun tirin tòun tìyẹ́, kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíréènì 300 lọ, nítorí gíréènì 5 fún pọ́n-ùn kan ni ọ̀pọ̀ aṣọrun fi ṣe ààlà. Ọfà tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọrun fúnra rẹ̀ ló ń lù. Kí ẹ máa kọjá ààlà yẹn dáadáa, kí ẹ má bá a ṣeré létí. Kí iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé lé yín lọ́wọ́ jẹ́ èyí tí egungun ẹ̀yìn yín lè gbé. Àṣẹ.

Ibi tí àdúrà mi ti gbóná jù la dé yìí.

Kábọ̀ọ̀nù kì í wọ́. Ó tọ́ gbọnrangandan, tàbí kó kán. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn: ẹ ta á títí àsìkò fi parí, kò ní wọ́. Ewu rẹ̀ náà nìyẹn. Ó lè ti gbá òkúta, tàbí kí ọfà kejì ti sọ ọ́ nídìí lórí àfojúsùn, kó ti sán nínú, kó ṣì máa dán lójú yín. Bí ọ̀sán bá wá fi 60 tàbí 70 pọ́n-ùn tì í nídìí, ó lè fọ́ kó tó kúrò lórí ọrun, kí ègé rẹ̀ sì gún ọwọ́ tó di ọrun mú wọlé. Àwọn tó ń ṣe é kò fi bò. Wọ́n ń kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sára páálí. Ọmọ ènìyàn ni kì í ka páálí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ta á, ẹ ṣe báyìí. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú lápá orí, ẹ nà án jìnnà sójú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ yí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ yí i títí ẹ ó fi yí i po. Ẹ dẹ etí sílẹ̀. Bó bá ta kẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ìyá yín ń pa ẹ̀gúsí, ó ti tán. Lẹ́yìn náà ẹ mú òwú, ẹ fi nù ún láti ìdí dé orí. Ibi tí òwú bá ti há, fọ́nrán kan ti dìde níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lórí ààtàn kó lò ó. Ẹ má fi ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ.

Olódùmarè, gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ohun tó sán nínú tó ń dán lóde. Ilé tó sán nínú, kí wọ́n má fowó rà á. Ọ̀rẹ́ tó sán nínú, kí wọ́n gbọ́ kẹ́rẹ́ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìjà. Ara tó sán nínú, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í rojọ́, àtọ̀gbẹ tí ń rìn ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n lọ síwájú dókítà kí wọ́n jẹ́ kó tẹ̀ wọ́n wò nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe. Ohun tí kò ní wọ́ kójú rí i, Ìwọ tó ń rí inú, fi hàn wọ́n. Àṣẹ. Àṣẹ. Àṣẹ.

Èwo wá ni kí ẹ yàn? Mi ò ní fi àdúrà sá fún ìbéèrè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, tí ọfà rẹ̀ ń gbá gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà àyàfi àfojúsùn, kó mú alumíníọ̀mù. Owó rẹ̀ kì í sábà ga, àléébù rẹ̀ sì wà níta gbangba. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́, tó sì ní sùúrù láti tẹ ọfà kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, kó mú kábọ̀ọ̀nù, kó mú èyí tó wúwo díẹ̀. Ẹni tí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, mi ò fún un ní kábọ̀ọ̀nù. Àwọn kan wà tó fi awọ alumíníọ̀mù bo kábọ̀ọ̀nù. Ó wọ́n, ó sì tún lè wọ́. Ẹni tí owó bá ń dún lápò rẹ̀, kó lọ bá a.

Èyí tó bá wù yín, ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú apó kan. Wọn ò wọn bákan náà, ibi tí ọ̀kan bá lọ kọ́ ni èkejì máa lọ, ẹran ló sì máa jìyà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gé kábọ̀ọ̀nù, ẹ bo imú: eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ irin mọ́ ọn, ẹ má yọná sí i bí ẹ ti ń ṣe sí alumíníọ̀mù, kí oje inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Kí ọwọ́ tó ń tún nǹkan ṣe má ba nǹkan jẹ́.

Mo wúre fún ọjọ́ tí ẹ bá pàdé ẹran. Àgbọ̀nrín onírù funfun ti ilẹ̀ yìí, etí ló fi ń gbé. Ìró ọ̀sán ń sáré nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pọ̀ ọfà ọdẹ kì í tó 300. Bí ẹran bá wà ní yáàdì 30, ìró ti dé etí rẹ̀ kí ọfà tó rin ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà, ẹran á sì ti lọ́ ẹsẹ̀ wálẹ̀ láti fò, ọfà á gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kábọ̀ọ̀nù yára díẹ̀ sí i, kò yára tó ìró. Kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì fún yín ní sùúrù tó ju yíyára lọ.

Ọfà yìí kò ní oró lẹ́nu bíi ti àwọn baba wa. Kì í pa bí ọta ìbọn ti ń pa, tó ń fọ́ nǹkan yángá. Abẹ ló ń ṣe: ó ń gé ẹ̀dọ̀fóró, ó ń gé iṣan, ẹ̀jẹ̀ á sì yára dà. Abẹ tó bá ti kú, ìkà ni. Kí irin ẹnu ọfà yín lè fá irun apá. Kí ó gba ẹ̀yìn èjìká wọlé, kó jáde lódìkejì, kí ẹran má mọ ohun tó ṣe é. Kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó tọpa ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ikùn ló bà, kí ẹ fi wákàtí púpọ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ má lé e wọ igbó ẹlòmíràn. Kí ẹ má pa ẹran tì. Kí ẹran má gbé ọfà yín rìn kiri. Àṣẹ.

Kí igi tí ẹ gùn má já yín sílẹ̀. Ìjánu ara tí wọ́n fi ń so mọ́ igi, ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀, nítorí ìṣubú láti orí igi ló ń ṣe ọdẹ ilẹ̀ yìí léṣe jù. A-tafà-sókè-yídó-borí, kí ó má jẹ́ orúkọ yín. Kí ẹ gba àṣẹ onílẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó wọ ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbà á lórí ìwé, kí ìwé náà wà lápò. Ẹ̀yin tí àwọ̀ yín rí bí tèmi mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Kí ọlọ́pàá igbó bá yín, kó yẹ̀ yín wò, kó kí yín, kó kọjá.

Bí ẹ bá wá gbé ẹran wálé, bí kábọ̀ọ̀nù bá kán sínú rẹ̀, ẹ wá gbogbo ègé rẹ̀ jáde, ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù láìṣahun. Fọ́nrán rẹ̀ kéré, ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé náà kéré. Alumíníọ̀mù kì í ṣe báyẹn. Kí ẹran má há ọmọ lọ́fun. Kí ẹran má há àlejò lọ́fun. Kí ọbẹ̀ àgbọ̀nrín yín ta sánsán dé ilé kẹta.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Kí ẹ rò ó, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn jẹ. Nínú Georgia yìí, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hunters for the Hungry, tó ń gba ẹran lọ́wọ́ ọdẹ fún ẹni tí kò rí jẹ; ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ Yorùbá níbẹ̀. Ní àwọn káúńtì bíi DeKalb àti Cobb, ọlọ́fà ṣì ń dọdẹ títí di ìparí oṣù January. Kí àsìkò gùn fún yín bẹ́ẹ̀. Kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire. Kí ìyàwó yín má gbé fóònù pè yín títí kó má wọlé. Kí ìka mẹ́wàá tí ẹ gbé lọ jẹ́ ìka mẹ́wàá tí ẹ ó gbé bọ̀. Kí ọ̀sán yín má já. Kí apó yín má gbẹ. Kí ọfà tí ẹ bá yàn yàn yín.

Àṣẹ Olódùmarè. Ẹ jókòó, ẹ jẹ obì.